GSK kó kúrò ní Nàìjíríà: ta ló ń kó Ventolin àti Augmentin wá fún wa báyìí?

Ìyá Tọlá, Ìlúpéjú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ kan kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ásímà. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni inhaler aláwọ̀ búlúù, Ventolin, ti máa ń wà nínú báàgì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra tuntun. Bí mo ṣe ń ka ara páálí rẹ̀, mo rí i pé orúkọ GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn òyìnbó tó ń ṣe é, ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó kó o wọ Nàìjíríà ti yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀. Mo ní páálí àtijọ́ kan tí mo fi ń kó bọ́tìnnì sí. Mo da bọ́tìnnì jáde, mo gbé páálí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Àyà mi já.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé GSK ń kó kúrò nílùú. Tí wọ́n bá ti lọ, ta ló ń ṣe èyí tí mo mú lọ́wọ́ yìí? Ṣé kì í ṣe ayédèrú? Àti pé ta tilẹ̀ ni GSK yìí gan-an? Ṣé àwọn náà ni Beecham tí àwọn òbí wa ń pè? Nílé wa, Lucozade inú ìgò ni wọ́n fi ń kí aláìsàn. Tí ara kan bá ń ṣe mí nígbà náà, inú mi a máa dùn díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìgò yẹn ń bọ̀.

Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Apòògùn Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ̀yin Ìyá Tọlá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ká yín lára jù.

Orúkọ agbókèèrè-wọlé tó yí padà kò sọ oògùn di ayédèrú. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline Consumer Nigeria Plc kọ̀wé sí ọjà ìpín ìdókòwò l'Ékòó pé GSK ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò ní máa fúnra rẹ̀ ta oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́. Alágbàtà ni wọn yóò máa gbé e fún. Ẹ̀ka tó wà níbí ló kógbá wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà lókè òkun ṣì wà, ó sì ń ṣe é lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí: ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí yẹn, ẹ wá a nínú Greenbook tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò fi orúkọ oògùn àti orúkọ ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ hàn yín. Kí ó bá ti páálí mu ni. Tí kò bá bá a mu, ẹ má fún ọmọ o, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín.

Ti ìtàn, mo mọ díẹ̀, ṣùgbọ́n àǹtí wa kan wà níbí tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Mojí, Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti dé o. Mo ti gbé apá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí pẹ́, ilé gogoro onígíláàsì GSK ní Brentford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà M4, kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ọdún 2024 ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀ lọ sí àárín ìlú.

Ìyá Tọlá, bẹ́ẹ̀ ni, Beecham tí àwọn òbí wa mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní GSK yìí dà bí agbo ilé tí ìdílé mẹ́rin kó pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Beecham, nítorí òun ló bí ti wa. Thomas Beecham jẹ́ ọmọ tálákà tó ń da àgùntàn ní Oxfordshire. Ibi tó ti ń da ẹran ló ti ń kọ́ ewé àti egbò. Nígbà tó dàgbà, ó ń po oògùn, ó ń kiri rẹ̀ lọ́jà, bí àwọn tó ń ta agbo nínú mọ́tò wa. Ọdún 1859 ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní St Helens. Àwọn nǹkan tó wà nínú kóró oògùn rẹ̀ tó gbajúmọ̀, Beecham's Pills, ni aloe, atalẹ̀ àti ọṣẹ. Oògùn ìyàgbẹ́ ni. Ìpolówó ọjà ló sọ ọ́ di olówó: wọ́n ní oògùn náà tó gínì kan fún páálí kan, owó ńlá nígbà náà, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń tà á kò sún mọ́ ọn.

Lucozade kì í ṣe ti Beecham láti ìbẹ̀rẹ̀. Olóògùn kan ní Newcastle ló ṣe é ní 1927. Glucozade ló ń jẹ́, ó di Lucozade ní 1929. Beecham rà á ní 1938. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ra Macleans, ọṣẹ ìfọyín tí gbogbo wa fi fọ eyín lọ sílé-ìwé. Ribena tẹ̀ lé e ní 1955.

Glaxo ní tirẹ̀, wàrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀! Joseph Nathan jẹ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó lọ ṣòwò ní New Zealand. Ní 1904 ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wàrà di àtíkè ní abúlé kan tó ń jẹ́ Bunnythorpe. Wọ́n forúkọ Glaxo sílẹ̀ ní 1906, oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń tà.

Ìdílé kẹta ni ti Silas Burroughs àti Henry Wellcome, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, tí wọ́n dá ilé oògùn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1880. Ìdílé kẹrin, SmithKline, láti Philadelphia ló ti wá. Ọdún 1830 ni wọ́n ti wà.

SmithKline àti Beecham di ọ̀kan ní 1989. Glaxo gbé Wellcome mì ní 1995. Ìparí ọdún 2000 ni gbogbo wọn wá di GlaxoSmithKline, tí a gé kúrú sí GSK. Ní 2022 wọ́n tún pín: Panadol, Sensodyne àti irú wọn bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń jẹ́ Haleon, oògùn tí dókítà ń kọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kù sọ́wọ́ GSK. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí GSK lára Panadol tuntun mọ́.

Kúnlé_Ṣàngótẹ̀dó

Ẹ kú àlàyé, àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n jẹ ẹran wa tán, wọ́n da eegun sílẹ̀ fún wa, wọ́n lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi pawó lórí wa. Bí wọ́n ṣe lọ báyìí, owó Augmentin, oògùn apakòkòrò yẹn, fò sókè ní ìlọ́po-ìlọ́po, ti inhaler náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ásímà ló ń há èyí tí wọ́n rí rà, wọ́n ń fi ẹ̀ẹ̀kan ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Kì í sì í ṣe pé ọwọ́ wọn mọ́. Ní 2012, wọ́n jẹ̀bi ní Amẹ́ríkà, wọ́n san bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, nítorí wọ́n polówó Paxil àti Wellbutrin, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún ohun tí ìjọba kò fọwọ́ sí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nípa ewu Avandia, oògùn àtọ̀gbẹ. Ní 2014, ilé ẹjọ́ ní China náà bu ìtanràn lé wọn nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ má kàn máa sọ ìtàn wàrà àti àgùntàn fún wa.

Mojí, Lọ́ńdọ̀nù

Kúnlé, o ò parọ́. Mi ò gbàgbé ìyẹn, mi ò tíì kàn dé ibẹ̀ ni. Ìtàn ilé-iṣẹ́ yìí kò pé tí a bá yọ 2012 kúrò. Ṣùgbọ́n tí a bá sì mú 2012 nìkan, a ò ní lóye ohun tó wà nínú inhaler ọmọ Ìyá Tọlá.

Bàbá Alágbára

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún nílé-iṣẹ́ oògùn kan lápá Ògùn, kì í ṣe GSK. Ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ìdájí láti Eko dé Agbára, iṣẹ́ GSK ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ.

Ọmọ mi Kúnlé, ìbínú rẹ tọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí wọ́n kó lọ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni ìmọ̀ ọwọ́ tó ń tú ká. Wo bó ṣe lọ: Beecham Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1972. Ní 2013 wọ́n ta Lucozade àti Ribena fún Suntory ti Japan lókè òkun, ní 2016 wọ́n ta apá ti Nàìjíríà náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ohun mímu tó wà ní Agbára. Ó di 2023, wọ́n ní ó tó. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní ìmọ̀ ọwọ́. Iyàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ lórí penicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, kì í bá ti oògùn mìíràn pọ̀, ilé rẹ̀ dá dúró. Ìdí ni pé penicillin ní eruku, eruku rẹ̀ kékeré báyìí sì lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, tó bá bọ́ sínú oògùn orí fífọ́ tí onítọ̀hún rà. Afẹ́fẹ́ inú iyàrá yẹn, a máa ń mú kí ó fúyẹ́ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé, kí ó má fẹ́ jáde. Mita kékeré kan wà lára ògiri. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò láàárọ̀ nìyẹn, kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Tí abẹ́rẹ́ ojú mita bá ti rìn kúrò níbi tó yẹ kó wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Aṣọ tí o bá wọ̀ wọ ibẹ̀ kò ní bá ọ délé. Ìwẹ̀ ni wàá wẹ̀ kí o tó jáde.

Ọmọ tó kọ́ ìyẹn fún ọdún mẹ́wàá, tí iṣẹ́ bá tán, ó lè di ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo mọ méjì bẹ́ẹ̀.

Apòògùn Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun gidi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e láti ibẹ̀, nítorí ibi penicillin yìí gan-an ni Beecham ti di ilé-iṣẹ́ oògùn tòótọ́.

Títí di nǹkan bí 1950, ohun mímu, ọṣẹ ìfọyín àti oògùn orí fífọ́ ló gbé wọn. Wọ́n wá kó àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ sí Brockham Park ní Surrey. Ní 1957 àwọn yẹn rí egungun penicillin yọ sọ́tọ̀, ohun tí à ń pè ní 6-APA. Bí ẹni pé o rí férémù ilé láìsí ògiri: o lè wá mọ irú ògiri tó wù ọ́ sí i. Láti ibẹ̀ ni ampicillin ti jáde ní 1961, amoxicillin sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ampiclox tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀, ampicillin ni, tí wọ́n pò mọ́ cloxacillin.

Kòkòrò àìsàn kò jókòó kí wọ́n máa pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ bí wọn yóò ṣe máa gé penicillin sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Augmentin, tó jáde ní 1981, amoxicillin ni pẹ̀lú clavulanic acid. Clavulanic acid yìí fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó máa ń há sẹ́nu ohun tí kòkòrò fi ń gé oògùn, bí eegun ẹja ṣe ń há sọ́fun, amoxicillin á sì ráyè ṣe tirẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé clavulanic acid kórìíra omi. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán máa ń bà á jẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi bébà fàdákà di kóró rẹ̀, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi. Láti ṣe irú rẹ̀ níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi tiwa, afẹ́fẹ́ iyàrá gbọdọ̀ gbẹ tọ̀sán-tòru, iná kò gbọdọ̀ lọ. Owó dísẹ́ẹ̀lì nìkan tó ẹrù.

Ẹ má tìtorí orúkọ Augmentin ṣe bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn o. Ẹ̀tọ́ àdáṣe rẹ̀ ti tán tipẹ́. Ẹ sọ fún dókítà yín pé kó kọ amoxicillin pẹ̀lú clavulanate. Ventolin náà, salbutamol ni; àwọn ikọ̀ David Jack ní Allen & Hanburys, tí Glaxo ti rà, ló gbé e jáde ní 1969. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe salbutamol, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Fẹ́mi Oníṣíà

Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe níbi ọ̀rọ̀ Kúnlé. Mo ní ṣíà díẹ̀ nínú GSK Nàìjíríà, bàbá mi ló rà á sílẹ̀ fún mi. Àwọn òyìnbó kò ní ju nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọmọ Nàìjíríà ló ni ìyókù, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn opó wà nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé, àwa náà ni ilẹ̀kùn tì mọ́.

Ohun tó lé wọn lọ kò fara sin. Oògùn ni wọ́n ń rà ní dọ́là tàbí pọ́n-ùn, náírà ni wọ́n ń tà á. Dọ́là kò sí ní báńkì. Ẹrù wá ń wọlé gán-ín-gán-ín. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí náírà 470 kọjá 700 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ lẹ́tà. Sanofi, ilé-iṣẹ́ oògùn ilẹ̀ Faransé, náà kéde lọ́dún yẹn kan náà pé òun ń gbé tirẹ̀ fún alágbàtà.

Kúnlé_Ṣàngótẹ̀dó

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ti wa ló pọ̀ jù nínú ṣíà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi Bàbá: ṣé kò sí ẹni tó ti lọ rí, tí nǹkan kò bàjẹ́?

Bàbá Alágbára

Ó wà o, ọmọ mi. Pfizer, ilé-iṣẹ́ oògùn ti Amẹ́ríkà. Ní 1997 wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, Mazi Sam Ohuabunwa ló ṣáájú wọn, kówó jọ, wọ́n ra ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Neimeth. Ilé-iṣẹ́ ní Oregun kò tì. Kò rọrùn fún wọn, ojú wọn rí màbo, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ mita ògiri ṣì wà níwájú mita.

Ìyàtọ̀ tí mò ń sọ nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí alágbàtà ló gbapò. Alágbàtà mọ bí a ṣe ń kó ẹrù kúrò ní Apapa, iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fojú rénà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọmọ kankan bí a ṣe ń po oògùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n yọ owó ibodè kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí a fi ń ṣe oògùn. Ó dáa. Àwọn Fidson àti May & Baker ní Ọ̀tà, Emzor náà, ẹ jẹ́ kí àṣẹ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn ní ibodè gan-an, kó má jẹ́ orí bébà nìkan. Kí wọ́n sì lọ wá àwọn ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú o láti Kétu, ní Benin. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ní kí n fi ti wa kún un. GSK kò ní ilé-iṣẹ́ kankan tí mo mọ̀ ládùúgbò wa, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn wọ ilé mi lọ́dún 2024.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní RTS,S, GSK ló ṣe é. Ọdún 1987 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Belgium. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2021 kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó ní kí wọ́n máa fi gún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ tí ibà ti ń jà. Ghana, Kenya àti Malawi ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Benin gba ìgò tó tó ìwọ̀n 215,900 ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹrin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Èmi ni mo gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa ń gún un, nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú káàdì, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ti ìkẹrin, ó ní èyí ni àwọn ìyá máa ń gbàgbé. Àjẹsára yìí kì í dènà ibà pátápátá, àwọ̀n ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti ọmọ tí ibà mú títí tó fi ń gìrì, kò ní fojú kéré rẹ̀.

Kúnlé, ilé-iṣẹ́ tó san ìtanràn ní 2012 náà ló lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lórí abẹ́rẹ́ yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè pín in sí méjì nínú ọkàn mi.

Kúnlé_Ṣàngótẹ̀dó

Ọmọ Alákétu, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi náà ò lè pín in. Ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Ìyá Tọlá, Ìlúpéjú

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà ní rere. Mo wá Greenbook bí apòògùn ṣe wí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ tó wà lára páálí ni mo bá níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Apòògùn, ìbéèrè méjì péré ló kù. Ẹnìkan ní ilé-ìwé sọ fún mi pé kí n ju agolo inú inhaler sínú omi, tó bá léfòó, ó ti tán. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀kejì, ti salbutamol ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ẹ sọ, ṣé mo lè fi rọ́pò láìbi dókítà?

Apòògùn Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ má jù ú sómi o, Mà. Kò ní sọ òótọ́ fún yín, omi sì lè dí ojú ihò rẹ̀. Ẹ máa ka iye ìgbà tí ọmọ fà á. Iye tó wà nínú agolo wà lára páálí; ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, kí ẹ máa fi bírò fa ìlà. Tí ó bá tuntun, tàbí tí ẹ ti gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ti pípààrọ̀, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́ rà lọ han dókítà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó wò ó pé ìwọ̀n rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, kó sì wo bí Tọlá ṣe ń fà á. Tó bá sì rí i pé ó ń fa búlúù yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ó lè jẹ́ pé ó nílò èyí tí à ń fà lójoojúmọ́ kí ásímà náà má baà dìde rárá.

Ìyá Tọlá, Ìlúpéjú

Ó ti ń fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Lọ́la ni mo máa gbé e lọ. Bàbá Alágbára, ẹ fi nọ́ńbà àwọn ọmọ méjì yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ dákun. Àbúrò ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn kan ní Ọ̀tà, ó ní wọ́n ń wá èèyàn.